Ta Ló Tún Gbọ́ Ohùn Ẹ́ńjìnnì Ju Bàámi Lọ?

Rárá, Bọ̀ọ̀dá, ẹ má sọ pé kí n kọ́kọ́ jókòó, kò rẹ̀ mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá ló yẹ kẹ́ ẹ jókòó, àga nìyẹn, ẹ ká aṣọ oníbàárà mi kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ jókòó, àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣí báàgì yẹn, kẹ́ ẹ tó máa kó ohun tẹ́ ẹ rà wá fún wa jáde, ẹ dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ tí mo pè yín lórí fóònù, tí mo ní ọkọ mi fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù, tí mo ní Bàámi ló máa bá wa wo ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ṣé ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé etí Bàámi ti di, àbí ẹ ò tíì mọ̀?

Ẹ dákẹ́. Ó dáa. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ò ní dákẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, bóyá iṣẹ́ ọ́fíìsì ti jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé. Mò ń lọ aṣọ ìyàwó kan lórí tábìlì yìí, mo fi èjìká ha fóònù mọ́ etí, ẹ̀yin náà ń jẹun, mò ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Mo ní, Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ tá a fẹ́ rà yìí ti pẹ́ láyé o, kì í ṣe tírélà, kì í sì í ṣe ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó ẹrù ọjà, agbedeméjì ni, irú èyí tó lè kó búlọ́ọ̀kù, tó lè kó pákó, tó ń mu dísù. Mo ní ọkọ mi ní ká mú mẹkáníìkì mìíràn mọ́ Bàámi, pé kì í ṣe pé òun ò gbà wọ́n gbọ́, owó tá a fi ọdún gbọọrọ tù jọ ni, kí ojú méjì wò ó. Ẹ gbé oúnjẹ mì. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ta ló tún gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ju Bàámi lọ? Ẹ má dójú ti bàbá yẹn." Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi wọlé, mo sọ ọ́ fún un bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́, ó ní ó dáa, bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kò burú.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ẹ ò mọ ẹni tí Bàámi jẹ́, inú ilé kan náà la ti dàgbà, òórùn ọ́ìlì kan náà la jọ ń gbóòórùn lára aṣọ wọn. Àwọn tó ń ra ọkọ̀ àlòkù ló sọ wọ́n ní Elétí-Ajá, orúkọ náà sì rò wọ́n. Bí wọ́n bá wá bẹ̀ wọ́n láti wo ọkọ̀, Bàámi á ní kí ẹnikẹ́ni má tan án kí àwọn tó dé. Tí wọ́n bá débẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbé lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́ báyìí, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á ní ẹni tó ń ta ọkọ̀ yìí ti jí aláìsàn, ó ti wẹ̀ fún un, ó ti tọ́ tìróò sí i lójú kí àlejò tó wọlé. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà, òtútù àárọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìwà ẹ̀. Wọ́n á wo èéfín: tó bá funfun tí kò tètè lọ, dísù ò jóná tàbí omi ti wọlé sí i; tó bá dà bíi aró, ọ́ìlì ara ẹ̀ ló ń jẹ; tó bá dúdú kirimú, ọ̀jẹun ni. Wọ́n á ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, wọ́n á wò ó bóyá ó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó sáré. Wọ́n á wo omi rédíétọ̀ bóyá ọ̀rá léfòó lójú ẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n tó máa yọ igi wọn, igi gbọọrọ yẹn tí orí ẹ̀ ti dán, wọ́n á fi orí kan ti ara irin, wọ́n á fi orí kejì sétí, wọ́n á dijú, gbogbo ọgbà á dákẹ́.

Kí ni wọ́n máa ń sọ fún wa? Wọ́n ní ọjọ́ orí kì í pa ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń wà á ló ń pa á. Wọ́n ní kí èèyàn má ka iye ibi tí ọkọ̀ ti dé lójú aago ẹ̀, torí ọwọ́ èèyàn lè dá aago padà, àmọ́ kò sí ọwọ́ tó lè dá ìró padà. Wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ò ní kọ̀ǹpútà tó máa bá ẹ purọ́, gbogbo ohun tó ń ṣe é ló máa sọ fún ẹ, bí o bá ní etí.

Bí o bá ní etí, Bọ̀ọ̀dá.

Ọjọ́ tá a lọ wo ọkọ̀ náà, èmi náà tẹ̀ lé wọn, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ yẹn fẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ìfun wọn wà lápá kan, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn wà lápá kejì. Aláwọ̀ ewé ni tiwa, ọ̀dà ẹ̀ ti ṣá, ìpàkọ́ ẹ̀ ti rún díẹ̀. Bàámi fẹ́ràn ìyẹn, wọ́n ní ọkọ̀ tí wọn ò kùn kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó tutù. Wọ́n ní kí wọ́n tan án, ó gbà lẹ́ẹ̀kan, kò wúkọ́. Èéfín rú díẹ̀, ó sì lọ. Wọ́n fi ìka méjì ra ọ́ìlì ẹ̀, wọ́n ní ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ìmọ̀ wọn wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Àwọn fúnra wọn ló ti kọ́ wa tipẹ́ pé ọ́ìlì tó nípọn, aṣọ ìbora ni, ariwo ni wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀, kéèyàn jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, tí ooru bá ti mú un, á ta aṣọ náà nù, ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ á jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. A dúró títí ó fi gbóná. Wọ́n ní kí ọkọ mi gòkè, kó tẹ iná mọ́ ọn, kó sì tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì. Wọ́n yọ igi wọn. Àmọ́ kì í ṣe etí ni wọ́n gbé e sí, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi tì í, wọ́n dijú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀, mò ń wò wọ́n, mò ń sọ nínú ara mi pé ọgbọ́n àgbà kì í tán, wọ́n tún ti mú òmíràn dé.

Ọkọ mi yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó ní, "Bàbá, ó dà bíi pé nǹkan kan ń kàn nísàlẹ̀ tí mo bá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀." Wọn ò dá a lóhùn. Ó tún un sọ. Bàámi lajú, wọ́n rí i pé ẹnu ẹ̀ ń mì. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Elétí-Ajá ni, àbí èmi?" Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn tó dúró ti ògiri rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má bínú. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ṣé kó máa bá bàbá ìyàwó ẹ̀ jiyàn lójú àjèjì ni? Bàámi nu igi wọn lára ṣòkòtò, wọ́n ní ó dáa, kí a rà á.

A rà á.

Bẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin yẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà á bá a yọ̀. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wà. Á wa ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni dé ilé ọlọ́kọ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, á wá fẹsẹ̀ rìn wálé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kọ́kọ́rọ́ máa sùn nílé wa. Ó máa ń fọ ọkọ̀ yẹn bí ẹni ń wẹ ọmọ, á fọ ìdí táyà, á fọ abẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Àmọ́ bó bá dé láti ibi iṣẹ́, kì í tètè pa á, á jókòó sínú ẹ̀, á tẹ iná, á tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, á tẹ́tí. Mo bi í pé kí ló ń gbọ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé tí Bàbá bá ní ó dáa, ó dáa. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Irọ́ ni o, Bọ̀ọ̀dá. Ajá gbọ́. Ọdẹ tó ń fọn fèrè ni kò gbọ́.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló kó, ó ń gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lórí òkè. Ó ní òun ti dé ìdajì òkè nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn bí ẹni ń fi òòlù na ìkòkò irin. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ tán tí ọ̀pá irin inú ẹ̀ fi já, tó gún ìhà ẹ́ńjìnnì jáde, ọ́ìlì tú sójú títì. Ẹ́ńjìnnì kú. Bíréèkì le gan bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ọkọ̀ tó kún fún búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, èèyàn kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó lè fò bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Kò fò. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀, ó darí ẹ̀ sí ògiri òkúta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ tó jókòó sí ló fi gbá ògiri, ilẹ̀kùn sì ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn náà ló fi irin fà á jáde, wọ́n ń fà á, wọ́n ń sunkún.

Ẹ ti rí ẹsẹ̀ náà, ẹ kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wọlé. Irin ló wà nínú ẹ̀. Dókítà ní á rìn, àmọ́ kò ní lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ńlá mọ́ láyé. Awakọ̀ tí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí lẹ ń pe irú wọn lọ́fíìsì yín?

Ìyá ọkọ mi wá tọ́jú ọmọ wọn. Mi ò bínú sí ìyẹn, ọmọ wọn ni, àwọn ló bí i. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ìkòkò sọ nínú kíṣìnì mi. Wọ́n á máa fọ̀ ọ́, wọ́n á ní, "Ìwọ ìkòkò yìí, ṣó o rí ayé bí? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà ni wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń rà." Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ̀ pé mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ ọ pé ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún wa ti fún Bàámi ní ẹ̀gúnjẹ. Wọ́n ní Elétí-Ajá ló ní òun ò gbọ́ irú ariwo yẹn? Wọ́n ní ó gbọ́, owó ló fi dí i létí. Èmi wá di oníjà. Mo bá ìyá ọkọ mi fà á, mo bá oníbàtà tó wà níwájú ilé fà á, àwọn oníbàárà mi tó ń ṣàánú mi, mo bá wọn fà á, mo ní bàbá mi kì í ṣe olè. Wọ́n á ní ó dáa, bí kì í bá ṣe olè, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Bàámi alára ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọkọ mi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ burúkú kan ò jáde lẹ́nu ẹ̀ sí wọn títí dòní. Bí ìyá ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Àmọ́ á dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri, á ní, "Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, mo sì rà á." Ara ẹ̀ ló ń dá lẹ́bi, Bọ̀ọ̀dá. Òun tó gbọ́ ló ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Ìyẹn ló ń ta mí lára ju ẹnu ìyá ẹ̀ lọ.

Nígbà tó sú mi, mo gba ọ̀dọ̀ Bàámi lọ, mo ní àfi kí wọ́n tẹ̀ lé mi wálé, kí wọ́n wá sọ lójú ìyá ọkọ mi pé àwọn ò gbowó. Mo bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n dúró sábẹ́ páànù, wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀nà, wọ́n ń to irinṣẹ́ sórí tábìlì. Ọkọ̀ kan ń fẹ̀yìn wọlé bọ̀. Awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn èèyàn ń kígbe pé Baba, ẹ kúrò, Baba, ẹ kúrò níbẹ̀, Bàámi ò mira, wọ́n ń to irinṣẹ́ wọn. Mo sáré, mo fà wọ́n tagbáratagbára, táyà ọkọ̀ yẹn sì tẹ bàtà wọn kan mọ́lẹ̀. Wọ́n bínú sí mi. Wọ́n ní kí ló dé tí mò ń fà wọ́n bí ewúrẹ́. Mo wojú wọn, Bọ̀ọ̀dá, ojú wọn ò wo ojú mi. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò.

Mo mú etí ìborùn mi, mo fi bo ẹnu bí ẹni tí eruku ń dà láàmú, mo ní, "Bàámi, wọ́n ní olè ni yín. Wọ́n ní ẹ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ta ọkọ̀ fún wa." Mi ò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Mo ti jẹun."

Mo ti jẹun.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, lórí ọ́ìlì. Mo ṣí ẹnu mi kí wọ́n lè rí i, mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Àwọn náà jókòó. Wọ́n ní ó ti lọ́jọ́. Wọ́n ní etí òsì ti kú pátápátá, ti ọ̀tún ò gbọ́ ju ariwo lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ló fà á, ìró tí àwọn fi ń jẹun láti kékeré ló jẹ etí àwọn. Mo ní kí ló wá dé tẹ́ ẹ gbà láti bá ọkọ mi wo ọkọ̀? Wọ́n ní, "Mo rò pé egungun á gbọ́ ohun tí etí ò gbọ́." Ìdí tí wọ́n ṣe fi igi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn. Mi ò mọ bóyá kí n dì mọ́ wọn ni àbí kí n ti igi yẹn bọ iná. Mo ní ta ló tún mọ̀? Mo rò pé wọ́n máa ní kò sẹ́nì kan.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí."

Ẹ̀yin. Ẹ wá mú wọn lọ, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ẹ dá wọn padà sílé, ẹ tún wá kọjá níwájú ilé mi, mo bu omi tútù fún yín mu lórí àga tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà, ẹ ní koko bí ota. Mo ní bí mo bá pe Bàámi lórí fóònù wọn kì í gbé e, ẹ ní fóònù wọn ló bàjẹ́, kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Mo sì ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ọmọ dáadáa. Èmi ò mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ẹ ń tu itọ́ funfun sí mi.

Kí lẹ sọ? Pé wọ́n bẹ̀ yín. Mo gbà pé wọ́n bẹ̀ yín, mo mọ bàbá wa. Wọ́n dì yín lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, wọ́n ní bí ayé bá mọ̀ pé Elétí-Ajá ò gbọ́ràn mọ́, kí ló kù tí àwọn ń jẹ́? Ẹ̀yin sì búra fún wọn. Ó dáa, ìbúra yín ò dùn mí. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa lu agogo káàkiri? Ohun tó ń dùn mí ni pé mo pè yín. Èmi ni mo pè yín, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pè mí. Mo gbé e lé yín lọ́wọ́, mo ní ọkọ mi fẹ́ mú ẹlòmíràn mọ́ wọn. Ẹ̀yin ò bá kàn ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ mú un mọ́ wọn." Ó tán. Ẹ ò da ìbúra, ojú Bàámi ò tì, ẹsẹ̀ ọkọ mi ò kán. Tàbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ purọ́, kẹ́ ẹ ní ara wọn ò yá lọ́jọ́ yẹn, kí a sún un síwájú. Irọ́ tó máa gbà wá là lẹ ò rí pa, èyí tó máa ba ilé mi jẹ́ lẹ rí pa, ẹ tún fi ẹ̀rín sí i.

Kí lẹ ní? Ẹ tún un sọ, mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ikú ta ni, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, ikú ta ni ó yá ju ẹ̀sín ta ni? Nítorí bí mo ṣe rí i, ẹ̀sín ni ti Bàámi, ikú tó fi díẹ̀ yẹ̀ ni ti ọkọ mi. Ikú náà ni ti àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, tí wọn ò mọ Bàámi rí, tí wọn ò mọ̀ pé ìtìjú bàbá kan ló ń fẹ̀yìn bọ̀ lórí àwọn. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń sá fún ẹ̀sín ló ń kú, ǹ bá ní kò burú, òwe náà pé. Ẹ má fi ikú ẹlòmíràn ra iyì fún Bàámi mọ́. Ẹ sì wò ó, iyì wo ló kù? Olè ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàámi wà lókè ibẹ̀ yẹn, wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn lólè ju kí wọ́n pe àwọn ní adití lọ, ẹ̀yin sì jókòó sọ́nà jíjìn, ẹ ń bá wọn di àpò irọ́ náà mú.

Kí n rọra? Nítorí pé ìyá ọkọ mi wà nínú yàrá?

Háà. Mo ti ń rọra látọjọ́ yìí, ibo ló gbé mi dé? Kí wọ́n gbọ́ ọ. Kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá mi kì í ṣe olè o. Adití ni. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, etí wọn ló di, ojú ń tì wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, kò sọ fún wa. Ó tán. Ó ti jáde. Ẹ gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún nínú yàrá yẹn? Ọkọ mi ló dìde jókòó. Ìyá, ẹ má yọjú, ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, á jókòó lórí àpótí, á fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún yín.

Ẹ fún mi ní omi yẹn.

Ẹ ṣé.

Àmọ́ kì í ṣe ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ tètè wá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti ṣẹlẹ̀, bí a bá sunkún títí di ọ̀la, irin ò ní kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Bí a bá sì ń sunkún, à máa ń ríran. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé Bàámi tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ga, tí ìyẹ̀fun kì í kúrò lápá ẹ̀. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ tó máa fi kó búrẹ́dì kiri, àtijọ́ ni, irú tiwa náà, wọ́n ní wọn ò tíì tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí. Ọ̀sán òní ló máa wá gbé Bàámi lọ wò ó. Ó sọ fún mi pé òun ò ka àhesọ àdúgbò sí, pé òun mọ Bàámi sí olóòótọ́ èèyàn. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé Bàámi kì í ṣe olè, òun ni Bàámi tún fẹ́ ṣe lọ́ṣẹ́. Ọmọ obìnrin yẹn ló máa wa ọkọ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ á sì jókòó sẹ́yìn láàárín búrẹ́dì.

Mo lọ bá Bàámi láàárọ̀ yìí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n ní ara wọn ò yá. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ti ọkọ mi ti kọ́ àwọn lọ́gbọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àṣìṣe ọjọ́ yẹn, pé lọ́tẹ̀ yìí, eyín làwọn máa fi bu igi náà jẹ. Mo rẹ́rìn-ín, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò lè dá a dúró, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, àwọn náà bá mi rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tí à ń rín.

Mo lè sọ ọ́ fún obìnrin yẹn fúnra mi, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, mo padà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìbínú ọkọ ló ń gùn mí, wọ́n á ní mò ń wá ọ̀nà tí màá fi fọ bàbá mi mọ́, Bàámi á sì ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ̀yin á tún wá bá wọn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni àkọ́bí. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ẹ̀yin lẹ sì fi ẹnu yín sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì jù wọ́n lọ, ẹnu kan náà ló máa kó o padà.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bú wọn. Bàbá mi náà ni. Ẹ sọ fún wọn pé imú wọn ṣì wà, ojú wọn ṣì wà, ìka tí wọ́n fi ń ra ọ́ìlì ò tíì kú, bí wọ́n bá fẹ́ máa jókòó ti ẹlòmíràn tó ní etí kí wọ́n jọ máa wo ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa lé wọn. Ẹ sọ pé ẹ máa padà mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ ti pé kí wọ́n máa dá nìkan dijú lórí ẹ́ńjìnnì, kí àwọn èèyàn máa dúró de gbólóhùn kan lẹ́nu wọn, ìyẹn ti parí, òní ló parí.

Ẹ dìde. Bàtà yín wà lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ti ń dé àárín, obìnrin yẹn kì í pẹ́. Ẹ lọ dúró níwájú Bàámi níbi tí wọ́n á ti rí ẹnu yín, kí obìnrin náà wà níbẹ̀, ẹ má fà wọ́n sẹ́yìn ilé, ẹ má fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ má ṣe ohùn ọ́fíìsì. Ẹ ní, Bàámi, etí yín ti di, èmi ni mo mọ̀, èmi ni mi ò sọ.

Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ sókè, Bọ̀ọ̀dá. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè kí wọ́n lè gbọ́.